Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ọ̀gá akọrin tó tún ń ṣẹ̀dá orin: ìdáhùn láti Iléṣà

Mo ti ń darí akọrin ní Iléṣà láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mo sì ń ṣẹ̀dá orin fún wọn. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ atẹdùùrù, àwọn ọ̀gá akọrin láti abúlé, àti àwọn ọmọ ìjọ pàápàá máa ń bi mí: lẹ́yìn ìsìn, lórí fóònù, nígbà mìíràn nídìí àwo ìrẹsì níbi ìnáwó. Mo kó wọn jọ síhìn-ín kí ọ̀fun mi lè sinmi.

Kí ni iṣẹ́ ọ̀gá akọrin gan-an?

Òun ló ń yan orin, òun ló ń kọ́ àwọn akọrin, òun ló ń dúró níwájú wọn, òun náà ni wọ́n sì máa bá wí bí nǹkan bá bàjẹ́. Atẹdùùrù lè jẹ́ ẹlòmíràn. Ní ìjọ kéékèèké ẹnì kan náà ló ń ṣe méjèèjì, á máa fi ọwọ́ tẹ dùùrù, á máa fi orí júwe ìgbà tí tẹ́nọ̀, ìyẹn ohùn òkè ti ọkùnrin, máa wọlé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ẹni tó wà lórí gbogbo ètò orin ni à ń pè ní olùdarí orin.

Ohun tí ojú ìjọ kì í tó ni iṣẹ́ àárín ọ̀sẹ̀: kíka ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ kí orin lè bá a mu, pípe àlùfáà láti bi í ní àkòrí ìwàásù, ṣíṣe ẹ̀dà orin, wíwá ẹni tó máa fi ọkọ̀ gbé ìyá àgbà tó wà ní áálítò, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ ti obìnrin, wá sí rìhásà. Ọ̀pọ̀ wa ló ní iṣẹ́ mìíràn tí a fi ń jẹun. Owó tí ìjọ ń fún wa, bó bá tiẹ̀ wà, owó ọkọ̀ ni.

Ṣé dandan ni kí ọ̀gá akọrin máa kọ orin tirẹ̀?

Rárá o. Ẹ tiẹ̀ wo èdè wa: "kọ orin" là ń sọ fún ẹni tó fi ẹnu kọ ọ́, òun náà là ń sọ fún ẹni tó fi gègé kọ ọ́. "Ṣẹ̀dá" ni mo máa lò fún ti gègé nínú ìdáhùn wọ̀nyí kó má baà dà pọ̀. Ọ̀gá akọrin tó mọ orin ẹlòmíràn kọ́ ènìyàn dáadáa sàn fún mi ju ẹni tó ń ṣẹ̀dá orin tí kò ṣe é gbọ́ sétí lọ.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ méjèèjì ti jọ ń gbé inú ilé kan náà nílẹ̀ Yorùbá. Thomas Ekundayo Phillips wà nídìí dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Marina, l'Ékòó, láti 1914 títí di 1962. Ó ń ṣẹ̀dá orin fún akọrin rẹ̀, ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá sì jáde ní 1953. Fela Sowande, tí wọ́n bí ní 1905, ti kọrin lábẹ́ rẹ̀ ní kékeré kó tó di ẹni tí ayé mọ̀ fún orin dùùrù tó hun láti inú ohùn Yorùbá. Ìdí rẹ̀ kò le: orin tí wọ́n nílò kò sí lọ́jà. Ẹni tí kò rí ọbẹ̀ tó wù ú rà, ó di dandan kó dáná.

Níbo ni mo ti lè kọ́ iṣẹ́ yìí?

Ẹ̀gbẹ́ atẹdùùrù àgbà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ jókòó tì í, ẹ máa bá a ṣí ojú ìwé, ẹ máa wo ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí ọkọ̀ kì í pẹ́ dé láti Iléṣà bí ọ̀nà bá dá. Ilé ẹ̀kọ́ MUSON ní Oníkàn l'Ékòó ń fúnni ní dípúlómà, Sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń kọ́ni ní orin ìjọ.

Ìdánwò orin ti ABRSM àti ti Trinity, àwọn àjọ ìdánwò láti ìlú òyìnbó, tún wà, ìpele kìíní dé ìkẹjọ, tí èèyàn lè máa ṣe nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ mìíràn lọ. Mo gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó gba ìpele kẹjọ tí kò lè kọ́ báàsì márùn-ún, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ ti ọkùnrin, ní orin ìlà mẹ́rin (sopránò lókè, áálítò, tẹ́nọ̀, báàsì). Ìdánwò náà kò bi í ní ìyẹn.

Sọ́fà ni kí n kọ́ ni, àbí nóòtì orí ìlà márùn-ún?

Ẹ kọ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ sì fi sọ́fà, ìyẹn fífi lẹ́tà d, r, m, f, s, l, t kọ ohùn orin sílẹ̀, ṣáájú. Arábìnrin Sarah Glover ló dá a sílẹ̀ ní Norwich, John Curwen tún un ṣe, ó sì tàn án ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn míṣọ́nnárì àti tíṣà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Títí di òní, bí mo bá pín ìwé onísọ́fà fún akọrin mi, wọ́n ti máa kọ ìlà àkọ́kọ́ kí n tó parí ọ̀rọ̀ àlàyé. Bí mo bá pín nóòtì, àwọn mẹ́ta ló ń kà á, àwọn tó kù ń tẹ̀lé etí.

Ibi tí agbára sọ́fà ti ń pin ni ibi tí orin bá ti ń yí ilé padà (ilé ni ohùn tí d dúró lé) lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí tí ẹ bá fẹ́ kọ apá ti fèrè àti gòjé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kọ nóòtì, ètò tí wọ́n ń pè ní MuseScore kò gba kọ́bọ̀, ó sì tó. Àwọn tó ti fi Finale, ètò mìíràn bẹ́ẹ̀, kọ orin jọ ọ̀pọ̀ ọdún ti rí i báyìí: ní 2024 ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kéde pé àwọn dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ máa tẹ ẹ̀dà orí ìwé pamọ́.

Ṣé "dò re mí" ti àmì ohùn ni "dò re mí" ti orin?

Rárá, àṣìṣe yìí sì ti ba orin púpọ̀ jẹ́. Nígbà tí tíṣà bá ní "ọwọ́" jẹ́ re mí, ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀ka ọ̀rọ̀ (sílébù) kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sọ bó ṣe ga tó. Nínú orin, ẹ lè fi d sí m ṣe é, ẹ lè fi m sí s ṣe é, ẹ lè fi s sí d òkè. Ẹni tó bá mú un ní ọ̀rọ̀-fún-ọ̀rọ̀, tó ń fi nóòtì mẹ́ta péré kọ gbogbo orin, á ṣe ohun tó tọ̀nà tó sì ń múni sùn.

Ohun kejì: bí gbólóhùn bá gùn, ohùn wa ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Mí tó wà níparí lè má ga tó mí tó wà níbẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́. Nítorí náà, ẹ fi ohùn kan wé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má fi wé ti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn.

Kí ló túmọ̀ sí pé ohùn orin "pa" ọ̀rọ̀?

Ó túmọ̀ sí pé ohùn orin lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sílẹ̀, tàbí òdì kejì rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ fi di ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí wọ́n ṣe gbé ọ̀pọ̀ orin ìyìn wá láti òkè òkun nìyẹn: ohùn orin wà nílẹ̀, wọ́n tú ọ̀rọ̀ sí Yorùbá, wọ́n ka iye ẹ̀ka ọ̀rọ̀ kó bá nóòtì mu, wọ́n sì gbé e lé e. Ó wọ̀ bí bàtà onígi.

Èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀. Áńtẹ́mù (orin tí akọrin ń kọ fún ìjọ gbọ́) ti Ìkórè àkọ́kọ́ tí mo ṣẹ̀dá dá lórí Sáàmù 31, ẹsẹ 15: "Ìgbà mi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ." Mo fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára, mo bá fò láti s lọ sí d òkè lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. "Ìgbà" jẹ́ dò dò. Bí ohùn bá fò sókè lórí ẹ̀ka kejì, "igbá" ni etí ń gbọ́. Lẹ́yìn ìsìn, màmá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, orin yín dùn o. Igbá ta ni Olúwa wá gbé lọ́wọ́?" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Ìparí orin náà burú ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ, àmọ́ ìyá kò tiẹ̀ débẹ̀. Mo parí sórí d ìsàlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi pé kí orin máa parí sílé. "Rẹ" tó jẹ́ ti ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ jẹ́ re. Bó bá já wálẹ̀ pátápátá, "rẹ̀" ló dà, ti ẹlòmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà sí Ọlọ́run, mo wá fi òfófó nípa rẹ̀ parí i. Bí "ọwọ́" bá sì ṣubú sí "ọwọ̀", a ti fi ìgbálẹ̀ lé Olódùmarè lọ́wọ́ nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe lè ṣẹ̀dá ohùn tí kò ní pa ọ̀rọ̀?

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pé pérépéré, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan dùùrù. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ jáde bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ gbà á sórí fóònù. Ẹ má kà á bí ìwé. Ẹnu ń pa ọ̀rọ̀ pọ̀: "ní ọwọ́" ń di "lọ́wọ́", "ṣe oore" ń di "ṣoore", ohùn tó kù lẹ́nu lẹ máa tẹ̀lé. Ibi tí ẹ̀mí bá ti gé nínú gbólóhùn, ibẹ̀ ni orin ti lè bẹ̀rẹ̀ ní gíga mìíràn láìpa ọ̀rọ̀ lára.

Ẹsẹ Sáàmù yẹn, bí mo ṣe tún un ṣe rèé: s s d m r s s m, tí s méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìsàlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ wò: Ì-gbà jókòó sílẹ̀ pọ̀, mi gòkè, ń gòkè sí i, bẹ sọ̀ díẹ̀, lọ́-wọ́ dúró lókè, rẹ padà sí àárín. Kò parí sílé, bẹ́ẹ̀ ni. Dùùrù ni mo fi gbé e délé, lẹ́yìn tí ẹnu àwọn akọrin ti pa dé.

Kẹ́ ẹ tó kọ́ akọrin, ẹ ṣe ìdánwò kan. Ẹ súfèé ohùn orin náà fún ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ orin kankan. Mo ní oníṣu kan ní ọjà Atákúmọ̀sà tó ti gbọ́ orin mi ju bíṣọ́ọ̀bù lọ. Bó bá ní "Kí lẹ wí?", mo ń lọ tún un ṣe.

Ẹsẹ kejì ńkọ́? Ohùn kan náà ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ibí yìí ni ẹni tó bá fẹ́ fi ìlànà òyìnbó ṣe orin Yorùbá máa ń kọsẹ̀. Ẹ wo "Olúwa gbọ́ mi" àti "Olúwa gbà mí". Àdúrà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkan náà, iye ẹ̀ka ọ̀rọ̀ wọn sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n "gbọ́ mi" ń sọ̀ kalẹ̀, "gbà mí" ń gòkè. Ohùn orin kan kò lè sin àwọn méjèèjì, àfi kí ọ̀kan jẹ̀yà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀. Ẹ lè wá ọ̀rọ̀ tí àmì ohùn rẹ̀ bá ti ẹsẹ kìíní mu. Ó ṣe é ṣe fún ìlà méjì mẹ́ta, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di àfipáṣe. Ẹ lè jẹ́ kí ohùn orin yí díẹ̀ ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, kí ìlù àti àárín rẹ̀ dúró. Èyí ni mo sábà máa ń ṣe fún akọrin tó ti gbọ́n. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn baba wa: lílé àti gbígbè. Ẹnì kan ló ń lé, ó ń yí ọ̀rọ̀ àti ohùn padà bó ṣe wù ú. Ègbè kò yí padà. Ìṣòro tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ọdún gbáko tò, àwọn tó ń lé orin níbi ìgbéyàwó kò mọ̀ pé ìṣòro ni.

Sopránò mi bá ọ̀rọ̀ mu. Áálítò, tẹ́nọ̀ àti báàsì ńkọ́?

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé bí ohùn mẹ́rin bá ń rin ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́ta nínú wọn ń parọ́. Báàsì ń lọ sílẹ̀ nígbà tí sopránò ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu wọn. Ìjọ ń gbọ́ sopránò, nítorí náà a ń forí jì wọ́n. Àmọ́ ẹni tó jókòó ti ẹgbẹ́ báàsì ń gbọ́ nǹkan mìíràn.

Èmi máa ń jẹ́ kí áálítò bá sopránò rìn ní ẹsẹ̀ kan náà lábẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá gòkè kí wọ́n jọ gòkè. Tẹ́nọ̀ lè mú ohùn sopránò ní ìsàlẹ̀. Báàsì ni mo máa ń fún ní ọ̀rọ̀ kúkúrú tirẹ̀, bí "Olúwa" tàbí "Àmín", tó ń tún sọ lórí ohùn tó bá ọ̀rọ̀ náà mu, tàbí kí ó kùn láìsí ọ̀rọ̀ rárá. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo jù, gbogbo wọn á kọ ohùn kan ṣoṣo. Àwọn kan máa ń sọ pé ìyẹn rọrùn jù fún akọrin tó mọ nǹkan. Kí wọ́n lọ gbìyànjú kí ọgbọ̀n ènìyàn kọ ohùn kan kí ó mọ́.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má kọ orin ìlà mẹ́rin ti òyìnbó mọ́. Àwọn orin ìyìn àtijọ́ ti di ara wa. Ìjọ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ láti ìgbà èwe, etí ń tún ohun tí ohùn bà jẹ́ ṣe. Orin tuntun kò ní àǹfààní yẹn.

Ṣé orin ìbílẹ̀ nínú ìsìn jẹ́ nǹkan tuntun?

Kò tuntun rárá. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá, bàbá bàbá Fela Aníkúlápó-Kútì, ti ń fi ohùn tí ará oko mọ̀ ṣe orin ìyìn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ní 1922 ó kọ orin Yorùbá sórí àwo fún Zonophone, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin, ní London. Ní Iléṣà níbí, ìsọjí Òkè Oòye ní 1930, èyí tí a fi ń rántí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, kó ogunlọ́gọ̀ jọ láìsí pé ẹnikẹ́ni pín ìwé orin fún wọn. Ẹni tó bá ní orin ìbílẹ̀ jẹ́ àṣà àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò bi àgbà léèrè.

Ṣé gángan lè wọ inú áńtẹ́mù?

Ó lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kì í wọlé lásán. Ní 1961, Dúró Ládiípọ̀ gbé dùndún wọ orin Àjíǹde tó ṣẹ̀dá fún ìjọ Áńgílíkà All Saints ní Òṣogbo. Àwọn kan nínú ìjọ fárígá: ìlù òrìṣà nínú ilé Ọlọ́run! Ó gbé orin rẹ̀ jáde, ibẹ̀ ni ọ̀nà eré orí ìtàgé rẹ̀ sì ti là. Lónìí, ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí ní Òṣogbo tàbí Iléṣà lọ́jọ́ Ìkórè kẹ́ ẹ wá bóyá ẹ máa rí èyí tí kò ní ìlù.

Gángan ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ ò bá fún un ní ohun tó máa sọ, á wá tirẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ láàárín àdúrà orin tó ń ki olówó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Nítorí náà mo máa ń kọ gbólóhùn ìlù sínú ìwé orin gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń kọ ti sopránò, mo sì ń jẹ́ kí onílù sọ ọ́ lẹ́nu kó tó lù ú. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nígbà tí akọrin bá sinmi. Ẹnu méjì kì í jọ sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí etí mú un. Ẹ má sì fi dandan lé e pé kó bá dùùrù dọ́gba ní nóòtì, iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Dùùrù wa ti bàjẹ́, iná kò sì dúró. Kí ni ká ṣe?

Ẹ kọrin láìsí i. Ẹ ra fọ́ọ̀kì ohùn kékeré tàbí kẹ́ ẹ fi fóònù mú ohùn ìbẹ̀rẹ̀. Akọrin tí kò lè kọ orin kan tán láìsí kíbọ́ọ̀dù kò tíì mọ orin náà, ó kàn ń bá kíbọ́ọ̀dù lọ ni.

Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ orin Ìkórè?

Bí Ìkórè bá wà ní Oṣù kọkànlá, kí ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ ní Oṣù keje, kí ìwé orin ti dé ọwọ́ akọrin nígbà tí àgbàdo tuntun ṣì wà lọ́jà. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní wá nítorí òkú, ìgbéyàwó àti òjò mọ́ ọn. Èmi máa ń ka mẹ́ta.

Ṣé mo lè fi ẹnu Ìjẹ̀ṣà ṣẹ̀dá orin ìsìn?

Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bèèrè? Ìgbà tí akọrin mi kọ́kọ́ kọ "ulé" dípò "ilé" nínú ìsìn, àwọn bàbá tó ti ń tòògbé jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tọ́ èèyàn dàgbà kì í bá a sọ̀rọ̀ lórí, inú ló ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì: àmì ohùn àwọn ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí ti Yorùbá gbogbogbò, nítorí náà ẹ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àgbà, ẹ má ṣe rò ó lórí, bí àlejò bá sì pọ̀ nínú ìjọ, ẹ jẹ́ kí ègbè wà ní èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi mí. Ní Bahia ní Bùràsíìlì, ìlù kan wà tí wọ́n ń pè ní ijexá títí di òní, orúkọ wa ni. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e la òkun kọjá láìní ìwé, láìní sọ́fà, agogo ló sì ń darí rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ìlù ilé wa kò lè pẹ́, mo kàn ń wò ó ni.

Ṣé mo lè fi ohùn fújì, jùjú tàbí orin òrìṣà ṣe orin ìyìn?

Orin ti máa ń rìn gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọlé àti jáde. Ní 1944, Hubert Ògúǹdé ṣe eré orin fún ìjọ Aládùúrà kan l'Ékòó, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n kó tó di ọ̀gá eré orí ìtàgé. Nítorí náà mi ò ní òfin pé èyí mọ́, èyí kò mọ́.

Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni mo ń lò. Bí mo bá súfèé ohùn náà, ọ̀rọ̀ wo ló kọ́kọ́ wá sẹ́nu àwọn ènìyàn? Ohùn tí gbogbo Iléṣà mọ̀ mọ́ ọdún Ìwúde Ògún, ẹ lè fi Sáàmù méje bò ó, Ìwúde ni ìjọ máa gbọ́, ara wọn á sì máa bá a lọ. Mi ò sọ pé ohùn náà burú. Mo ń sọ pé ó ti ní olówó orí.

Ta ló ni orin tí mo ṣẹ̀dá fún ìjọ mi?

Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, ìyẹn òfin 2022 tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023, ẹ̀tọ́ ti wà fún orin yín láti ìgbà tí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí gbà á sórí ẹ̀rọ. Kò dúró de ìforúkọsílẹ̀. Ó wà títí ẹ ó fi kú, àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín. Ṣùgbọ́n bí ìjọ bá ń san owó oṣù fún yín, tàbí tí ẹnì kan bá san owó pé kẹ́ ẹ ṣẹ̀dá orin fún òun, ẹ kọ àdéhùn sínú ìwé kí gègé tó kan bébà. Ojú ìwé kan péré tó. Mo ti rí ìjà tí orin ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ kan dá sílẹ̀ láàárín ẹbí olóògbé àti ìgbìmọ̀ ìjọ, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn méjì ì bá ti parí ẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ wo ọwọ́ yín. Ríra ìwé orin ẹyọ kan kí a ṣe ẹ̀dà ogójì rẹ̀, tàbí kí a máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, jíjẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. A kì í fẹ́ gbọ́ èyí.

Ìyá kan ní sopránò kò lè dé òkè mọ́, ó sì ti wà nínú akọrin kí wọ́n tó bí mi. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un?

Ẹ má sọ ọ́ ní rìhásà. Mo ṣe é nígbà kan ní kékeré, mo ní "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ohùn yín ń gbọ̀n," ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni sopránò mẹ́rin fi jókòó sílé wọn. Ẹ lọ bá ìyá nílé lọ́jọ́ tí kò sí ìsìn. Ẹ dọ̀bálẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kúnlẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé áálítò nílò ẹni tó mọ̀nà. Òótọ́ sì ni, áálítò kì í ṣàìnílò rẹ̀.

Bí ohùn bá ti lọ pátápátá, ẹ wá orin onílílé kan tí kò ga fún wọn. Ohùn àgbà tó ń gbọ̀n dùn nínú lílé ju ti ọmọ ogún ọdún lọ. Bí wọ́n bá sì kọ gbogbo rẹ̀ tí wọ́n ní sopránò ni àwọn máa kú sí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ilé orin náà sọ̀ díẹ̀.

Olówó kan fẹ́ kí n fi oríkì òun sínú áńtẹ́mù ìdúpẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n ṣe é?

Oríkì ìdílé tàbí ti ìlú lè wọlé bí a bá fi yin Ẹlẹ́dàá tó dá wọn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ọmọ Ọwá tí orí rẹ̀ kì í wú. Oríkì ẹnì kan ṣoṣo, nítorí pé ó ra ẹ̀rọ amúgbóhùngbilẹ̀ fún ìjọ, mo máa ń sọ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín pé onílù máa kì í dáadáa níta. Lẹ́yìn náà mo máa ń lọ ṣàlàyé fún àlùfáà kí olówó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Báwo ni mi ò ṣe ní máa fi orin ara mi kún gbogbo ìsìn?

Ìdánwò tó le jù lọ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, nítorí ẹni tó ń ṣẹ̀dá náà ló ń yàn. Mo fi òfin de ara mi: orin tèmi kan péré lóṣù, àfi bí àlùfáà bá bèèrè òmíràn. Orin tuntun tí mo bá kọ́ akọrin, tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìsìn, tí kò sí ẹni tó ń kùn ún nígbà tí wọ́n bá ń ká aṣọ akọrin lẹ́yìn ìsìn, mo ń dá a padà sínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀ báyìí. Méjì nínú wọn, mo ṣì rò pé ìjọ ló ṣe àṣìṣe.